Kíìtì ASF fún ẹlẹ́dẹ̀: tó bá ní "ó wà", ẹ gbà á gbọ́, tó bá ní "kò sí", ẹ má tíì sùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀, kíìtì tí wọ́n fi ń yẹ ASF (ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, African Swine Fever) wò, tí gbogbo èèyàn ń bèèrè yìí, èyí tó jọ ti kòrónà àmọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ lẹ máa kán sí i, mo ti lò ó lóko mi o. Ó dáa, ṣùgbọ́n dídáa rẹ̀ ní ibi tó mọ.

Lílò rẹ̀ ò le. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí ẹran tó ń ṣàìsàn, ẹ pò ó mọ́ omi inú ìgò kékeré tó bá a wá, ẹ kán an sójú ihò rẹ̀, ẹ wá dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá jẹ́ ìlà C nìkan ló yọ, kò rí nǹkan kan. Tí C àti T bá jọ yọ, ó ti rí i nìyẹn. Tí C ò bá yọ rárá, kíìtì yẹn ti bàjẹ́, ẹ mú òmíì. Dídi ẹlẹ́dẹ̀ mú ló ni wàhálà, ẹ ṣáà mọ igbe tó máa ń ké, àdúgbò á rò pé ẹ ń pa á ni.

Ìyá ẹlẹ́dẹ̀ mi kan kọ oúnjẹ, ara ẹ̀ gbóná janjan, etí àti abẹ́ ikùn ẹ̀ pọ́n. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé erysipelas, àìsàn ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn tí bakitéríà ń fà, náà lè mú kí ara pọ́n báyìí, pẹnisílíìnì sì máa ń wo ìyẹn sàn, ṣùgbọ́n ASF ò ní oògùn, a ò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ gún ẹran yẹn lóògùn títí, owó yín lẹ ń dà nù torí fáírọ́ọ̀sì ni. Mo ṣe tẹ́ẹ̀sì, ìlà méjèèjì yọ kedere. Ibẹ̀ ni kíìtì yìí ti pa owó ẹ̀: lọ́jọ́ yẹn náà ni mo ti géètì pa, alápatà kankan ò wọlé, bàtà tí wọ́n wọ̀ ní pẹ́ẹ̀nì yẹn ò kúrò níbẹ̀. Ká ní èsì PCR (tẹ́ẹ̀sì inú láàbù) láti NVRI, ilé ìwádìí àìsàn ẹran ti ìjọba ní Vom, ni mo jókòó dè, tí ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ gba ọwọ́ dókítà ẹran ìjọba kó tó rìn dé Plateau, àìsàn á ti kárí gbogbo pẹ́ẹ̀nì. Ẹni tó bá rí bí ASF ṣe pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dún 1997, tàbí ní Òkè-Àrò lọ́dún 2020, ò nílò kí n ṣàlàyé jù.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó rèé. Ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ̀, inú ilé kan náà pẹ̀lú ìyá yẹn, kíìtì ní kò sí, PCR ní ó wà. Kò yà mí lẹ́nu torí kíìtì yìí fẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì ti pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó rí i, PCR ní tiẹ̀ á mú bíńtín tó wà níbẹ̀, á sọ ọ́ di púpọ̀ títí tó fi máa hàn. Ẹran tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lára, tàbí èyí tó yè é, lè yọ́ gba ẹ̀yìn kíìtì kọjá. Mo tún wá ń rí àwọn kan lórí WhatsApp tí wọ́n ń ya fọ́tò ìlà kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, bíi sàtífíkéètì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyẹn ra ẹran.

Ohun tó dùn mí jù ni ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á. Oríṣi méjì ló wà, Ag àti Ab, páálí wọn jọra, ẹni tó ń tà á ò sì mọ ìyàtọ̀, Ab ló kọ́kọ́ ń nà sí mi. Ag ló ń wá fáírọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀. Ab ń wá ohun tí ara ẹran fi ń bá a jà, ìyẹn sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jáde, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ á ti kú kó tó dìgbà yẹn. Wọ́n tún tò ó síwájú gíláàsì níbi tí oòrùn ti ń pa á, ara páálí ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pé kó má ju 30°C lọ. Mo ní kí wọ́n bá mi mú tinú ilé wá.

Mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún kíìtì, ṣọ́ọ̀bù gba ẹyọ kan. Ẹni tí dókítà ẹran ò jìnnà sí, ẹ pè é kó fa ẹ̀jẹ̀ PCR lọ́jọ́ kan náà, sínú ìgò EDTA tó ní ìdérí pọ́pù (èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), inú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ má di yìnyín o. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti FUNAAB, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ẹran tó bá ti kú, ẹ má la inú ẹ̀ lóko, ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń tan àrùn ká jù. Kíìtì tẹ́ ẹ bá sì ti lò tán, ẹ rẹ ẹ́ sínú oògùn apakòkòrò dáadáa kẹ́ ẹ tó rì í mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ aláìsàn ló wà nínú ẹ̀.