Ekòló tàbí Búrẹ́dì fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìwọ̀ Pẹja

Ẹni tó bá ń lọ sétí odò Owena, ekòló ni kó kọ́kọ́ mú. Epìyà ń jẹ ẹ́, àrọ̀ náà ń jẹ ẹ́, omi kì í sì í tètè gbá a kúrò lẹ́nu ìwọ̀. Hú u nílẹ̀ tútù lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Fi ìwọ̀ kékeré gún un níbi 2 tàbí 3, kí ìrù rẹ̀ yọ díẹ̀, kó máa mì. Bí ìrù bá gùn jù, ẹja á já a jẹ, á sì sá lọ.

Búrẹ́dì kò fi bẹ́ẹ̀ nira láti rí l'Ákùúrẹ́, ọwọ́ kì í sì í dọ̀tí (àwọn kan kórìíra ekòló gan-an). Ta omi sí i díẹ̀, pò ó títí yóò fi le, kó tó hóró ẹ̀wà. Epìyà inú adágún ló wà fún. Omi tó ń ṣàn á mú un yòrò dànù.