Ọ̀sẹ̀ Méjì tàbí Oṣù Mẹ́ta ní Màláwì?

Akẹ́kọ̀ọ́ físíòtẹ́rápì (ìtọ́jú tó ń ran ara lọ́wọ́ láti rìn àti láti ṣiṣẹ́ dáadáa) láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́, kó sì ṣèrànwọ́ ní ìlú Blantyre ní Màláwì, máa ń béèrè bóyá ọ̀sẹ̀ méjì tó, tàbí kí òun lo oṣù mẹ́ta.

Ní ti owó, ọ̀sẹ̀ méjì fúyẹ́, kò sì ní dí ìdánwò lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta yóò gba owó ilé àti oúnjẹ púpọ̀ sí i.

Ọ̀dọ̀ aláìsàn ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yí sínú, tí a ń fi ọ̀nà Ponseti tọ́jú, ni a ń pààrọ̀ P.O.P. (ohun líle funfun tí a fi ń di ẹsẹ̀ kó lè tọ́) fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì sábà máa ń tó ìgbà 5 sí 7, kí ó tó wá máa fi bàtà onírin sùn títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 4. Ẹni ọ̀sẹ̀ méjì kò ní rí ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni oṣù mẹ́ta lè rí i kí P.O.P. tán, yóò sì ti gbọ́ èdè Chichewa tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ tó láti kí ìyá ọmọ náà dáadáa. Lójú tèmi, ewu tó burú jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe ìtọ́jú tí wọn kò ní gbà á láyè láti ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí sì lè ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì bí oníṣẹ́ físíòtẹ́rápì ọmọ Màláwì kò bá darí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹ ẹni tó kàn fẹ́ wò kó sì kọ́, pàápàá bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ń rán àwọn mìíràn wá tẹ̀ lé e lórí iṣẹ́ kan náà. Oṣù mẹ́ta yẹ ẹni tó ti sún mọ́ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ilé ìwòsàn ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sì béèrè fún ìrànlọ́wọ́.