Ṣọ́ọ̀bù tó bá mi yọ fọ́tò ìgbéyàwó nínú hard drive: máàkì 4 nínú 5

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa wò mí lẹ́nu: máàkì 4 nínú 5 ni mo fún ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé hard drive mi lọ ní Computer Village, n'Íkẹjà. Máàkì kan tó kù, màá débẹ̀.

Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò òde ni mò ń ṣe. Hard drive 2TB kan wà lọ́wọ́ mi, kékeré tó ń wọ àpò yẹn, gbogbo òde tí mo ti ṣe láti bí ọdún méjì ló wà nínú ẹ̀, títí kan ìgbéyàwó kan tí ìyá ìyàwó ń pè mí láràárọ̀ pé "fótò wa dà?". Àfi bí mo ṣe ki wáyà bọ láptọ́ọ̀pù lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ara ẹ̀ tàn, ó ń kùn, ṣùgbọ́n kò yọjú. Mo yọ ọ́, mo tún kì í, pàbó. Nígbà tó wá yọ, kọ̀ǹpútà ní kí n fọ́ọ̀màtì ẹ̀, ìyẹn kí n nu gbogbo inú ẹ̀ dànù, kí n tó lè lò ó. Òógùn bò mí.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù ní ká kàn fọ́ọ̀màtì ẹ̀, pé tó bá yá òun á fi software kó gbogbo ẹ̀ padà. Mo ní bàbá, ṣé kí n dáná sun ilé tán kí n wá máa wá ẹrù nínú eérú ni? Mo gba hard drive mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Computer Village, ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń dúró lẹ́bàá títì lè fà yín láṣọ ya, mi ò dá ẹnì kankan lóhùn, ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀rẹ́ mi júwe ni mo lọ tààrà. Brọ̀dá ibẹ̀ ò tiẹ̀ tú nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ gbé e sétí. Ó ní tó bá ń ké kọ́, kọ́, kọ́, ohun tó ń ka dísìkì nínú ẹ̀ ló ti bàjẹ́ nìyẹn, kí èèyàn má tún ki iná bọ̀ ọ́ mọ́. Tèmi ò ké. Ó bi mí pé ibo ni mo ń kì í sí, mo ní hub ni, ohun tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀ yẹn, èyí tí mọ́ọ̀sì àti card reader jọ wà lára ẹ̀. Ẹ̀rín pa á. Ó ní ojú USB 2.0, 500mA ni iná tó ń gbé jáde (mA ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe pọ̀ tó), ti 3.0 jẹ́ 900mA, hub tí ò sì ní iná tiẹ̀ ńṣe ló ń pín ìwọ̀nba yẹn fún gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀, hard drive á máa yí ṣùgbọ́n iná ò ní tó o. Wáyà mi náà, èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ yẹn, ti ń mì. Ó pààrọ̀ ẹ̀, ó kì í sára láptọ́ọ̀pù gan-an, ó ṣí Disk Management, ibi tí Windows ti ń fi gbogbo dísìkì han èèyàn, ó yọ: 1.81TB. Mo ní ta ló jí ìyókù, ó ní kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan, bí Windows ṣe ń ka 2TB nìyẹn. Ṣùgbọ́n RAW (ìyẹn ni pé Windows ò mọ bó ṣe máa ka inú ẹ̀) ló kọ síbi tó yẹ kó kọ NTFS, ìlànà tí Windows fi ń to fáìlì.

Ó ní fáìlì ò tíì lọ ibì kankan, ibi tí Windows ti ń kọ́kọ́ kà ló dàrú, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ bí mo ṣe máa ń fà á yọ láìṣe Eject, ìyẹn láìsọ fún kọ̀ǹpútà kí n tó yọ ọ́, ló fà á. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ń ṣe é.) Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀ nìyí: kò fi chkdsk, ohun tí Windows fi ń yẹ dísìkì wò tó sì fi ń tún un ṣe, kàn án, ó ní tí ìyẹn bá ń tún nǹkan ṣe, ó máa ń kọ nǹkan sórí dísìkì, tí dísìkì bá sì ń kú lọ ó lè bà á jẹ́ sí i. Ó kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ kọ sórí hard drive míì bó ṣe wà, orí ẹ̀dà yẹn ló ti wá lo TestDisk, software tó ń tún ibi tó dàrú nínú dísìkì ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni TestDisk o. NTFS máa ń tọ́jú ẹ̀dà ibi àkọ́kọ́ yẹn sí ìparí, ibẹ̀ ló ti mú un padà. Fódà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Máàkì kan yẹn wá ńkọ́? Wákàtí bíi mẹ́fà lórí àpótí rọ́bà, iná lọ láàárín, ọkàn mi já, àṣé wọ́n ní inverter. Owó iṣẹ́ ₦25,000, ìyẹn ò dùn mí, ṣùgbọ́n wọn ò sọ lórí fóònù pé èmi ni máa ra hard drive tuntun tí wọ́n máa kó o sí, mo wá ń pe ẹ̀gbọ́n mi fún transfer láàárín ọjà bí ẹni tí wọ́n jí gbé.

Ìyá ìyàwó ti gba fótò wọn. Ó tún pè láàárọ̀ yìí, ó ní gèlè òun ò hàn dáadáa nínú mẹ́ta.