Mo sùn nínú ọkọ̀ ojú omi, mo sùn nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀wọ̀n: bí mo ṣe ń lo wíkẹ́ńdì mi ní Swídìn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi, ó máa gùn díẹ̀. Ìgbà tí èmi ń wá ẹni tó máa sọ bí àwọn ibi àrà tí èèyàn lè sùn sí ní Swídìn ṣe rí fún mi kí n tó sanwó, gbogbo ohun tí mo ń kà ò ju "ó dáa gan-an, a gbádùn ẹ̀" lọ, kò sẹ́ni tó sọ pé kí n gbé bẹ́ẹ̀díṣíìtì dání, kò sẹ́ni tó sọ pé bọ́ọ̀sì lè má rìn rárá láàárọ̀ Sọ́ńdè níbi tó bá ti wọnú igbó. Torí náà gbogbo ẹ̀ ni màá sọ.

Uppsala, ìlú kan ní Swídìn, ni mo ti ń kàwé. Ìlú náà tù mí lára, àmọ́ tó bá ti di Disẹ́ńbà, oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, èèyàn á kàn wà nínú yàrá pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù títí tí àárẹ̀ á fi mú ọkàn. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì wá pinnu pé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a máa jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, a máa padà ní Sọ́ńdè, bíná ń jó bíjì ń jà. Owó ọwọ́ sítúdẹ́ǹtì ni tiwa, a ò lè san owó hòtẹ́ẹ̀lì ká tún máa san owó ìwọlé káàkiri. Lọ́jọ́ kan ni ọ̀kan nínú wọn sọ pé kí ló dé tá ò kúkú máa wá ibi tó jẹ́ pé ibi tá a máa sùn sí gan-an la tìtorí ẹ̀ jáde? Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí gbogbo ètò wa padà. Látìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀dì la máa ń kọ́kọ́ mú, ìlú tó bá wà la máa rìn.

Ibi tá a kọ́kọ́ lọ ni af Chapman ní Stockholm, mo sì máa sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé òun ni mo fẹ́ràn jù. Ojúlówó ọkọ̀ ojú omi ni o, kì í ṣe ilé tí wọ́n kùn bí ọkọ̀. Òpó mẹ́ta ló ní, ó funfun báláú, etí erékùṣù Skeppsholmen ni wọ́n so ó mọ́, ó dojú kọ Gamla Stan tó jẹ́ ìlú àtijọ́ wọn, ààfin ọba sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Whitehaven nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kàn án ní 1888, Dunboyne ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, ẹrù ló ń kó kiri òkun. Ọdún 1915 ló di tàwọn ará Swídìn, nígbà tó di 1923 àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn rà á, wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun níṣẹ́, àwọn ló sì sọ ọ́ lórúkọ Fredrik Henrik af Chapman, ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ ogun fún wọn láyé àtijọ́. Látọdún 1949 ló ti di họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sùn lówó pọ́ọ́kú. Ẹ wò ó, ọkọ̀ tó ti lé ní 130 ọdún, tó ti la òkun já láìmọye ìgbà, èmi ni mo na ẹ̀yìn nínú ikùn ẹ̀ tí mo ń ka nóòtì ìdánwò.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ búkù. Họ́sítẹ́ẹ̀lì náà ní ilé kan lórí ilẹ̀ tó kọjú sí ọkọ̀ yẹn, orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́, nítorí náà ẹ rí i dájú pé yàrá inú ọkọ̀ lẹ mú, torí mo rí àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn tó jẹ́ pé inú ilé ni wọ́n sùn, wọ́n wá ń ti wíńdò wo ọkọ̀. Yàrá inú ọkọ̀ ò fẹ̀, bẹ́ẹ̀dì orí ara wọn ni, ẹni tó bá ga díẹ̀ kó mú ti ìsàlẹ̀. Àmọ́ tó bá di òru! Gbogbo ẹ̀ á dákẹ́, wàá gbọ́ omi tó ń lu ara ọkọ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, tí ọkọ̀ ńlá bá kọjá, ilẹ̀ tó o sùn lé á mì díẹ̀, tó o bá yọjú níbi wíńdò roboto yẹn, iná ìlú náà á máa tàn lójú omi. Mo ti sùn sí ibi tó wọ́n ju ibẹ̀ lọ dáadáa, mi ò rántí ìkankan nínú wọn mọ́.

Tẹ́ ẹ bá sùn níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo Vasa lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù ní erékùṣù Djurgården, àní kó jẹ́ pé òun nìkan lẹ máa sanwó fún. Ọkọ̀ kékeré tó ń lọ Djurgården máa ń dúró ní Skeppsholmen, tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi ń wọ bọ́ọ̀sì ìlú náà lẹ máa fi wọ̀ ọ́. Vasa rì ní 10 August 1628, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbéra, kò tíì jáde ní Stockholm pàápàá, ìsàlẹ̀ omi ló sì wà títí di 1961 tí wọ́n gbé e jáde. Ká ní mi ò sùn nínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, màá kàn ya fọ́tò màá sì máa lọ. Àmọ́ ibi táwọn atukọ̀ ń sùn ni mo ń wò ṣáá, orí pákó lásán láàárín àwọn àgbá, èmi tí mo rò pé bẹ́ẹ̀dì mi há. Ó ká mi lára gan-an.

Èkejì ni Långholmen, Stockholm náà ni, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ ní Hornstull tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ẹ̀yin á wá fẹsẹ̀ rìn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni títí di 1975, nígbà tó di 1989 wọ́n ṣí i fún àlejò. Inú sẹ́ẹ̀lì gan-an lèèyàn ń sùn, wọ́n tún un ṣe, ó mọ́ tónítóní, àmọ́ ògiri yẹn ṣì nípọn, wíńdò ṣì ga, ilẹ̀kùn ṣì wúwo lọ́wọ́. Àwọn kan máa ń fi ṣeré, wọ́n á wọ aṣọ ẹlẹ́wọ̀n ya fọ́tò. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbà yẹn náà ni wọ́n ti pa ẹni tó kẹ́yìn tí ìjọba Swídìn pa nípa ìdájọ́ ikú, ní 1910, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bẹ́ orí ni wọ́n lò, ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n lò ó nìyẹn. Mo kà á ní mùsíọ́ọ̀mù tó wà nínú ọgbà náà nírọ̀lẹ́, mo wá lọ sùn. Oorun ò yá rárá. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà ní yàrá ní ká ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, a sì ṣí i. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ wo mùsíọ́ọ̀mù yẹn lọ́wọ́ ọ̀sán, kẹ́ ẹ jáde lọ rìn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìrìn yẹn gan-an ló tù mí nínú. Erékùṣù ni Långholmen, ó tutù, igi ni gbogbo ẹ̀, wọ́n sì sọ fún wa pé àpáta lásán ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ru ẹrẹ̀ tí wọ́n kó látinú omi wá dà á lé e lórí kí nǹkan tó lè hù. Lónìí àwọn èèyàn ń na aṣọ sábẹ́ àwọn igi yẹn, àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ létí omi. Oṣù karùn-ún la lọ, omi ṣì tutù nini. Júùnù sí Ọ́gọ́ọ̀sì ló dáa jù.

Sala mi ò ní fi gùn. Ihò tí wọ́n ti ń wa fàdákà láyé àtijọ́ ni, wọ́n jáwọ́ níbẹ̀ ní 1908, ọkọ̀ ojú irin ló gbé wa láti Uppsala kò sì pẹ́. Wọ́n ní yàrá kan tí wọ́n ń gbà àlejò sí nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó jìn tó mítà 155, yàrá yẹn móoru, àmọ́ bó o bá ti yọ ẹsẹ̀ síta báyìí, òtútù dígírì 2 ló máa kí ọ, fóònù ò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Owó ẹ̀ kọjá agbára wa, a kàn bá àwọn tó ń mú èèyàn lọ wò ó wọlé ni, a dé akoto, a wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ó wù mí kí n sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá gba sáfítíkéètì mi.

Ó wá ku èyí tó dùn mí. Ahéré onígi kan nínú igbó, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí i, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ni ín. Nínú fọ́tò, adágún wà níwájú ilẹ̀kùn. Nígbà tá a débẹ̀ ní Máàṣì, a rìn fún bí ìṣẹ́jú 40 ká tó rí adágún ọ̀hún. Igi ìdáná tí wọ́n ní ó wà ńlẹ̀ tutù, èéfín nìkan ló ń rú, a wọ gbogbo aṣọ tá a kó wá lé ara wọn. Ṣáláńgá tó wà níta, mi ò bínú sí yẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì! Èyí tó kẹ́yìn ti lọ lọ́sàn-án Sátidé, kò sì sí òmíì àfi ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wa ní ìdánwò láàárọ̀ Mọ́ńdè, kò sì lè kàwé kankan torí kò sí iná. A kọ̀wé sí ẹni tó ni ahéré náà, ó ní òun ò lè dá kọ́bọ̀ padà. Ohun tó wá mú kó dùn mí jù ni pé lórílẹ̀-èdè yìí, ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pa àgọ́ sínú igbó kó sun alẹ́ kan láìsan nǹkan kan, tí ò bá ti sún mọ́ ilé onílé, tí ò sì ba nǹkan jẹ́. Allemansrätten ni wọ́n ń pe ẹ̀tọ́ yẹn. Ká ní a yá àgọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ sítúdẹ́ǹtì ni, à bá sùn létí adágún náà gan-an lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè nípa hòtẹ́ẹ̀lì oníyìnyín tó wà ní Jukkasjärvi, yìnyín odò Torne ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lọ́dọọdún, ó wù mí, àmọ́ ìtòsí Kiruna ló wà, ní àríwá Swídìn pátápátá, òru kan gbáko lẹ máa lò nínú ọkọ̀ ojú irin ní àlọ, òru kan ní àbọ̀. Wíkẹ́ńdì ò gbà á.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá họ́sítẹ́ẹ̀lì níbí, "vandrarhem" ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ọ̀pọ̀ ló máa jáde tẹ́ ò ní rí tẹ́ ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì wá a. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀díṣíìtì, píló késì àti táwẹ̀lì yín dání, torí ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ẹ máa yá a lówó ni, wọn kì í sì í fẹ́ kéèyàn lo báàgì ìsùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Níbi tó pọ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa gbá yàrá yín kẹ́ ẹ tó lọ, àfi tẹ́ ẹ bá sanwó fún un. Ẹ gba káàdì Mecenat yín, ìyẹn káàdì ẹ̀dínwó fún sítúdẹ́ǹtì, ó ń dín owó ọkọ̀ ojú irin kù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé owó ọwọ́, káàdì ni ọ̀pọ̀ ibi ń gbà. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ibi tó wọnú igbó, ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì ti Sọ́ńdè ṣáájú fọ́tò.

Ní Júùnù, èmi nìkan ni mo fẹ́ padà lọ sínú ọkọ̀ yẹn. Mo ti búkù ẹ̀, òru méjì, bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀.