Iṣẹ́ ìjọba àbí kọ́ńpìnnì aládàáni, èwo ni kí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà mú l'Ákùúrẹ́?

Àwọn àbúrò tó ń jáde ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́, ò yéé bi mí léyìí. Tó bá jẹ́ ti ìfọkànbalẹ̀, ìjọba ni, wàá ṣe é títí wàá fi pé ọmọ 60 ọdún tàbí kó o lo ọdún 35, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ní kọ́ńpìnnì, létà kan láàárọ̀ Mọ́ńdè ti tó láti fi lé ẹ lọ. Owó? Kọ́ńpìnnì sábà máa ń san jù. Òṣèlú ọ́fíìsì wà ní méjèèjì o: ní ìjọba, ọ̀gá lè gbé ẹ kúrò nídìí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò, kó ní kó o lọ máa to fáìlì, wọ́n ṣe é fún mi rí, ó dùn mí gan-an, ní kọ́ńpìnnì, wọ́n lè fi orúkọ tiwọn sórí iṣẹ́ ẹ, torí náà tọ́jú gbogbo ímeèlì. Tó o bá ti lọ́mọ níléèwé, mú ìjọba. Tó ò tíì lẹ́rù, tó o ṣì fẹ́ kọ́ṣẹ́ dáadáa, kọ́ńpìnnì.