Guinea pig méjì nílé wa ní Ìkòròdú: bí mo ṣe rí wọn sí

Ẹbí kan ládùúgbò wa ní Ìgbógbó ń kó lọ sí Kánádà, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò gba guinea pig wọn méjì, ìyẹn ẹranko kékeré onírun tó jọ eku ńlá tí kò nírù, abo ni méjèèjì. Èmi ni mo gbà wọ́n, èmi àtàwọn ọmọ la sì jọ ń tọ́jú wọn látìgbà náà. Ẹran ilé gidi ni wọ́n, mo fẹ́ràn wọn gan-an, àmọ́ ilé tó bá lè wá ewé tútù lójoojúmọ́ nìkan ló yẹ kó gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ewé yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ara guinea pig kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, bí ara tiwa náà kò ṣe lè ṣe é. Ehoro ní tiẹ̀ lè ṣe é. Ìdí nìyí tí oúnjẹ ehoro alápò kò fi tó wọn, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ ń búra pé ọ̀kan náà ni. Bí fítámì yìí bá dín lára wọn, oríkèé á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde ní ìdí eyín, wọn ò sì ní fẹ́ rìn mọ́. Mílígíráàmù 10 sí 30 ni ẹyọ kan nílò lóòjọ́. Tàtàsé ni àwa gbára lé, a ó yọ kóró rẹ̀, a ó gé díẹ̀ fún wọn láràárọ̀. Ewé ànàmọ́ náà dùn mọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní ewé ẹ̀gẹ́, májèlé wà nínú rẹ̀. Koríko kò sì gbọdọ̀ tán níwájú wọn tọ̀sán-tòru, torí eyín wọn kì í yé gùn, koríko jíjẹ ló ń bá wọn rín in kù. Koríko ò wọ́n wa ní Ìgbógbó, àmọ́ ẹ má já èyí tí wọ́n ti fọ́n oògùn sí.

Kéèjì tó bá wọn wá kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Wáyà ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, wáyà sì máa ń dá egbò sí wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Káfíńtà kan nítòsí ọjà Sábó ló bá mi kan èyí tó nílẹ̀ pákó, tó sì fẹ̀ dáadáa.

Ooru náà tún wà ńbẹ̀. Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti ń mú, ni ìran wọn ti wá, ooru tó bá ti kọjá 30°C sì lè pa wọ́n. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí iná ò sí, ike omi dídì tí a fi aṣọ wé la máa ń gbé tì wọ́n. Wọ́n á wá fẹ̀gbẹ́ tì í.

Bí ara wọn ò bá yá, ẹ má fún wọn ní amoxicillin tàbí ampicillin tó wà nílé. Ó ń ba kòkòrò rere inú ìfun wọn jẹ́, ó sì lè ṣekú pa wọ́n. Dókítà ẹran ni kí ẹ gbé wọn lọ bá. Kí òun náà yẹ̀ wọ́n wò bóyá akọ ni tàbí abo, torí akọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ti lè fún abo lóyún.

Ayọ̀ tí wọ́n ń mú wá pọ̀ o! Bí wọ́n bá ti gbọ́ tí ọ̀rá ewé dún, wọ́n á súfèé fíì-fíì kárí ilé. Bí inú wọn bá dùn, wọ́n á máa fò sókè lójijì. Ẹ má gba ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n nílò ẹlẹgbẹ́. Ọdún 5 sí 8 ni wọ́n ń lò láyé. Ọmọ tó bá gba kékeré rẹ̀ ní praimárì 5 lè máa já koríko fún un títí tí yóò fi kọ WAEC.