Valkey 8: ẹ yẹ dump.rdb wò kí ẹ tó kó ẹrù

Ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2024 ni ilé-iṣẹ́ tó ni Redis, ibi ìpamọ́ dátà tó ń ṣiṣẹ́ nínú RAM, kéde pé láti ẹ̀dà 7.4 lọ, láísẹ́ǹsì BSD, tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó bó ṣe fẹ́, ti parí. RSALv2 àti SSPLv1, láísẹ́ǹsì tó le jù ú lọ, ló rọ́pò rẹ̀. Àwọn oníkùláùdù tó ń fi Redis pawó ni wọ́n ń lé. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Linux Foundation gbé Valkey, arọ́pò Redis tó ṣì wà lábẹ́ BSD, jáde, AWS, Google Cloud àti Oracle sì tì í lẹ́yìn. Ìjà owó ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orin òmìnira kọ yín lójú. Ọjà náà ṣáà dára.

Ara kóòdù Redis 7.2.4 ni wọ́n ti gé e. Port 6379 náà ni, àṣẹ SET àti EXPIRE kò yí padà, redis-cli tí a fi ń tẹ àṣẹ pàápàá ṣì ń bá a sọ̀rọ̀.

Dump.rdb, fáìlì tí Redis ń kó dátà rẹ̀ pamọ́ sí lórí dísíìkì, ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Redis 7.2 ń kọ ọ́ ní ẹ̀dà 11, 7.4 ní ẹ̀dà 12. Ẹ gbé ti 7.4 síwájú Valkey 8, ohun tí ẹ máa rí ni "Can't handle RDB format version 12", kò sì ní gbéra. Ẹni tó ti sáré bọ́ sórí 7.4 ti há nìyẹn. Àfi kó máa kó key lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ṣì wà lórí 7.2 kò nílò àtiṣẹ̀dà fáìlì rárá. Ẹ tan Valkey lórí sáfà mìíràn, ẹ fi password ti Redis àtijọ́ sí masterauth bó bá ní in, kí ẹ tẹ REPLICAOF pẹ̀lú IP ti àtijọ́ àti 6379, kí Valkey lè máa da dátà rẹ̀ kọ. Ẹ máa wo INFO replication títí master_link_status yóò fi di up. Ẹ dá áàpù dúró, ẹ fi DBSIZE (iye key) ti méjèèjì wéra, ẹ tẹ REPLICAOF NO ONE kí Valkey lè dá dúró, kí ẹ wá darí áàpù sí àdírẹ́sì tuntun.

Bó bá jẹ́ fáìlì lẹ fẹ́ gbé dandan, ẹ pa appendonly ná, ìyẹn ètò tó ń kọ gbogbo àyípadà sínú fáìlì AOF. Bó bá wà ní yes, tí AOF kò sì sí nílẹ̀, Valkey kò ní wo dump.rdb: òfìfo ló máa ṣí, láì ráhùn. Ẹ jẹ́ kó ka dátà tán, kí ẹ tó fi CONFIG SET tan án.

Eré tí wọ́n ń yin 8.0 fún, ẹ ò ní rí i lójú ẹsẹ̀, torí 1 ni io-threads (iye thread tó ń gba ìbéèrè, tó sì ń dá èsì padà) máa ń wà. Lórí core 4, ẹ fi 2 tàbí 3 sí i. Lórí 8, 6 tó. Bí CPU yín kò bá ń mí gúlegúle, ẹ fi sílẹ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó: HEXPIRE, àṣẹ tó ń fi àkókò ìparí sí field kọ̀ọ̀kan nínú hash, kò sí nínú 8, JSON àti search kò sì bá a wá, valkey-bundle, àkójọ Valkey pẹ̀lú àwọn àfikún rẹ̀, lẹ máa wá fún JSON àti search. Redis 8, tó jáde ní oṣù karùn-ún 2025, ti kó wọn sínú, ó sì fi AGPLv3 kún láísẹ́ǹsì. Ẹni tó ń lo search níbẹ̀ kò ní ìdí láti ṣí kúrò. Session àti cache lásán lórí 7.2? Ẹ ṣí lọ, pàápàá ẹ̀yin tó wà lórí ElastiCache, iṣẹ́ cache ti AWS: AWS fi node Valkey sí 20% ìsàlẹ̀ iye ti Redis, serverless sí 33%.